Ìkú Òǹwòran Kan ní Nürburgring

Mo sunkún nígbà tí mo wo fíìmù Gran Turismo lọ́dún 2023, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Neill Blomkamp, ọmọ Johannesburg, ló darí rẹ̀. Djimon Hounsou, ọmọ Kùtọ̀nú, ló ṣe bàbá ọmọ náà. Nílé wa, bàbá mi a máa gba páàdì lọ́wọ́ àbúrò mi, wọn a ní ta ni géèmù ti sọ di èèyàn rí. Nígbà tí ọmọ tó ń gbá géèmù nínú yàrá wá di awakọ̀ eré ìje lójú mi, ṣé n ó ṣe é tí omijé kò ní bọ́? Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo fi gba oyè másítà, ojú mi kì í kúrò lára ọjọ́ àti ọdún.

Ọdún 2008 ni Nissan àti Sony dá GT Academy sílẹ̀ fún àwọn tó mọ géèmù Gran Turismo gbá. Eré ìje ọkọ̀ kì í ṣe eré mẹ̀kúnnù. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wa kart, bàbá á máa ra táyà, á máa sanwó mẹkáníìkì, ọdún á máa gorí ọdún. Bí owó bá tán lọ́wọ́ bàbá, ó parí nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ náà ló mọ ọkọ̀ wà jù. Lucas Ordóñez, ará Sípéènì, ló kọ́kọ́ borí. Ní 2011, Jann Mardenborough, ọmọ ọdún 19 láti Cardiff, borí èèyàn tó lé ní 90,000.

Géèmù kì í ti èèyàn mọ́ ìjókòó. Ẹni tó bá forí sọ ògiri á kàn tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ojú ní ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì àti bí a ṣe ń wọ kọ́nà. Nígbà tó di 2013, British GT kò gba àwọn ọmọ GT Academy mọ́: wọ́n ti yára jù fún ìpele àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. (N kò mọ ìwé ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.)

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Mardenborough, Ordóñez àti Michael Krumm, ará Jámánì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, gba ipò kẹta nínú ẹgbẹ́ LMP2 ní Le Mans. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015 ni ọkọ̀ Mardenborough gbéra nílẹ̀ ní Nürburgring, ó fò kọjá wáyà, ó sì pa òǹwòran kan. Ó padà sí Le Mans ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ọkọ̀ wọn kò parí eré.

Fíìmù náà yí i po: ikú ló ṣáájú, ipò kẹta wá tẹ̀ lé e bí ìtùnú. Mardenborough fúnra rẹ̀ fara mọ́ ọn pé kí ìjàǹbá náà wà níbẹ̀, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Fífi í pamọ́ ìbá burú jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé òkú ọmọ ẹlòmíràn di àtẹ̀gùn tí akọni gùn dé orí àga ìṣẹ́gun. Ìtàn gan-an le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin tó ti gba ògo tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ikú wá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún jókòó sínú ọkọ̀ láìrí èrè kankan gbà.

Àbúrò mi ní kí n fara balẹ̀, pé fíìmù kì í ṣe ìwé ìtàn. Mo fi pátákó ìpolówó rẹ̀ hàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n gbé e kà.