Àjọrìn Àwọn Àmì DNA: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Yorùbá Fi Hàn, láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà àti Agége

Linkage disequilibrium, tí a lè pè ní àjọrìn àmì, ni kí àmì DNA méjì máa bá ara wọn rìn láàárín àwùjọ ju bí yóò ti rí lọ ká ní olúkúlùkù ń dá rìn. Ẹni tó bá rí ọ̀kan lè tipa rẹ̀ mọ èkejì. Lewontin àti Kojima ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1960. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù fún un ni r², tí Hill àti Robertson gbé kalẹ̀ ní 1968: bó bá jẹ́ 0, àmì kan kò sọ nǹkan kan nípa ìkejì rẹ̀, bó bá jẹ́ 1, ibi tí ọ̀kan bá wà ni èkejì wà.

Ohun tó ń tú àjọrìn ká ni ìpààrọ̀ tó máa ń wáyé nígbà tí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀. Búrẹ́dì Agége lè fi í hàn. Kí a gbé odidi búrẹ́dì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ti bàbá, ọ̀kan ti ìyá; kí a fi ọ̀bẹ gé méjèèjì lójú kan náà, kí a wá so orí ti bàbá mọ́ ìdí ti ìyá. Bí iná bá ti jó èèpo búrẹ́dì bàbá lójú méjì tí kò jìnnà síra ju ìbú ìka kan lọ, ó ṣòro kí ọ̀bẹ tó bọ́ sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wà lórí, tí èkejì wà nídìí, gígé ẹ̀ẹ̀kan péré ti yà wọ́n. Ọ̀bẹ yìí kì í sì í gé ibi gbogbo bákan náà. Àwọn ojú kéékèèké tí gígùn wọn tó lẹ́tà DNA 1,000 sí 2,000 ló máa ń bọ́ sí jù, ní 2010 sì ni àwọn olùwádìí fi hàn pé jíìnì PRDM9 ló ń tọ́ka ibẹ̀. Láàárín ojú gígé kan sí èkejì, àwọn àmì a máa dúró pọ̀ ní ìdìpọ̀.

Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọn gígùn ìdìpọ̀ wọ̀nyí. Ní 2001, ìwádìí tí Reich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, àjọrìn máa ń nà tó lẹ́tà 60,000, àmọ́ ti àwọn Yorùbá Nàìjíríà kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap, tó fẹ́ ya àwòrán àjọrìn inú DNA ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2002, Charles Rotimi àti Clement Adebamowo ló darí ti Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìdílé 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, tí àwọn tó kópa sì sọ pé Yorùbá ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. YRI ni àkékúrú tí wọ́n fún wọn, Yorùbá ní Ìbàdàn. Ó dára bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àádọ́rùn-ún ènìyàn láti ìlú kan kò lè dúró fún Áfíríkà látòkè délẹ̀.

Nígbà tí apá kejì iṣẹ́ náà jáde ní 2007 pẹ̀lú àmì mílíọ̀nù 3.1, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Láti fi àmì díẹ̀ ṣojú fún gbogbo àwọn àmì yòókù tó wọ́pọ̀, nǹkan bí 550,000 tó fún àwọn ará Utah tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, 520,000 sì tó fún àwọn ará Beijing àti Tokyo. Ti Ìbàdàn lé ní mílíọ̀nù kan. Ìtàn ló fà á. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló kúrò ní Áfíríkà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 sí 60 ọdún sẹ́yìn, ìwọ̀nba búrẹ́dì díẹ̀ ni wọ́n sì gbé lọ. Àwọn tó kù nílé pọ̀, onírúurú ni búrẹ́dì ọwọ́ wọn, ọ̀bẹ sì ti ń gé e láti ayébáyé. Nítorí náà, irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìwọ̀n ará Yúróòpù ṣe dà bí aṣọ tí a fi ara ẹlòmíràn rán: yóò wọ ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n yóò fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Kíkúrú àjọrìn yìí ní èrè tirẹ̀, nítorí kò jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn pẹ́ lórí aládùúgbò rẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ di ẹ̀bi àìsàn kíndìnrín tó ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jà ru jíìnì MYH9 lórí kúrómósómù 22. Ní 2010, ẹgbẹ́ Genovese fi hàn pé APOL1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Àjọrìn ló ti MYH9 wọ ọ̀ràn. Àkójọ Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n fi rí i. Ẹ̀dà APOL1 méjì ló ń fa ewu náà, G1 àti G2. G1 wà lórí nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún kúrómósómù Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, G2 wà lórí nǹkan bí 8. Méjèèjì ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè pa irú kòkòrò àìsàn oorun kan, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ìdí tí wọ́n fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jogún ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ni ewu kíndìnrín pọ̀ fún jù.

Àyẹ̀wò jínótáìpù tí àwọn àfẹ́sọ́nà ń lọ ṣe ní Agége kí wọ́n tó ṣègbéyàwó kò nílò àjọrìn, nítorí èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Àmọ́ nípa àjọrìn ni Kan àti Dozy fi kọ́kọ́ rí S, ẹ̀dà tó ń fa àìsàn sickle cell, nínú DNA ní 1978. Wọ́n rí i pé bí ènsáìmù HpaI bá gé DNA àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ègé onílẹ́tà 13,000 ló sábà máa ń bá S rìn, nígbà tí 7,600 sábà máa ń bá A, ẹ̀dà tí kò léwu, rìn. Àmì aládùúgbò yìí ni wọ́n fi yẹ ọmọ inú oyún wò. S kò pẹ́ láyé tó àwọn àmì yòókù, ibà sì ló tètè gbé e ga, ìdí nìyí tí ìdìpọ̀ tó yí i ká fi gùn. Ìdìpọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni wọ́n sọ ní Benin. Ní 2018, Shriner àti Rotimi ṣírò rẹ̀ pé orísun kan ṣoṣo ni S ti wá, ní nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn.

Ìgbéyàwó láàárín ẹ̀yà kan àti òmíràn náà a máa dá àjọrìn sílẹ̀. Òwò obì ló ti kó àwọn ará Òkè-Ọya wá sí Agége, ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú láti àwọn ọdún 1950 sì kó ará gbogbo Nàìjíríà jọ. Bí àwọn tí àmì wọn yàtọ̀ bá bímọ fún ara wọn, àmì tó wà lórí kúrómósómù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàápàá yóò dà bí ẹni tó so mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ìdàpọ̀ tuntun kò bá tún wọlé, ìdajì irú àjọrìn bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ní ìran kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìran mẹ́wàá, kò kù ju ìdá kan nínú 1,024 lọ. Àmọ́ àmì méjì tó para pọ̀ jẹ́ G1, tí nǹkan bí lẹ́tà 130 péré wà láàárín wọn, yóò ṣì máa rìn pọ̀.