Ilé-ẹ̀kọ́ òwú Notsé: ta ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wà fún?

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Lomé. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń ṣàkóso Tógò nígbà náà, ni wọ́n pè wọ́n wá fi ọ̀nà tuntun gbin òwú ní Tové. Ní 1904, ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dá ilé-ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé, lójú ọ̀nà Atakpamé. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà gbà.

Òwú kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Wọ́n ń gbìn ín mọ́ iṣu àti àgbàdo. Àwọn ìyá ń ran án, àwọn ahunṣọ ń hun ún. Ṣùgbọ́n òwú tí ilé-iṣẹ́ Jámánì yóò rà ni Notsé ń kọ́ni. Ìjọba ni ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti agbègbè gbogbo. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè yìí ni Yúróòpù fúnra rẹ̀ wá dáhùn fún àwọn ará ilé rẹ̀. Òfin ọdún 1971 ní Faransé fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì padà.

Lọ́dọ̀ wa lónìí, aránṣọ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá yege ìdánwò CFA, tí ọ̀gá rẹ̀ sì tú u sílẹ̀, a máa rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí yóò fi í jẹun.