Ẹ̀rí Ilẹ̀ nínú Ìtàn Adágún Chad

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òpìtàn kò lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀rí ilẹ̀ sẹ́yìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ìtàn omi jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1959, A. T. Grove tẹ ìwádìí jáde lórí bí Adágún Chad ti tóbi tó láyé àtijọ́. Ọ̀kan nínú ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ni gegele iyanrìn tí ó gba Bama àti Maiduguri kọjá: etí omi ni tẹ́lẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún ti jìnnà sí i. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe òde òní, ó sì kan ọkọ̀ tí a fi odidi igi gbẹ́. Ọkọ̀ náà ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Òjò pọ̀ ní Sàhárà nígbà náà. Ìgbà tí ó dín kù ni adágún fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ọ̀dá 1972 sí 1974 kì í ṣe àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwáwí fún ìnákúnàá. Omi ìsàlẹ̀ jíjìn tí a ń fi ẹ̀rọ fà ní Maiduguri jẹ́ òjò tí ó rọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Òjò òde òní kò lè tètè dí àlàfo rẹ̀. Ogún ni. Ẹni tí ó bá ná ogún láìka iye rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò gbẹ́ kànga gbígbẹ.