Kókó Ọrùn Tí Kì í Ṣe Gẹ̀gẹ̀: Ìtàn Jẹjẹrẹ Táírọ́ìdì Nínú Kókó Olómi Àbímọ́ni

Bí kókó bá yọ níwájú ọrùn ẹnìkan ní Ìgànná ní Òkè-Ògùn, gẹ̀gẹ̀ ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ará ilé. Onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ba tìkẹyìn jẹ́: gẹ̀gẹ̀ tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í jẹ́ kí a wo kókó mìíràn lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ kókó olómi kan wà tí wọ́n máa ń bí mọ́ni, tí jẹjẹrẹ táírọ́ìdì lè sá pamọ́ sí.

Ìdí ahọ́n ni táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, ti ń ṣẹ̀ nínú ọlẹ̀. Ó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dé ibùjókòó rẹ̀ nísàlẹ̀ gògóńgò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7. Lẹ́yìn náà ló yẹ kí ọ̀nà yẹn pa rẹ́. Bí kò bá pa rẹ́ tán, omi lè gbá jọ síbẹ̀, kó di kókó. Wilhelm His ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní Jámánì ní 1885.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbà náà a gé kókó, kókó a tún yọ. Ní 1893, oníṣẹ́ abẹ Schlange ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ pẹ̀lú àárín egungun kékeré tó wà lókè gògóńgò. Ní 1920, Walter Ellis Sistrunk ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tọpa ọ̀nà náà dé ìdí ahọ́n, ó sì yọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà ń jẹ́ títí dòní, kókó kì í sì í sábà padà mọ́.

Brentano ló kọ́kọ́ ròyìn jẹjẹrẹ nínú irú kókó yìí ní 1911. Kò wọ́pọ̀: nínú 100 kókó, bóyá ni a ó rí ju 1 lọ tó ní in. Èérún táírọ́ìdì tó ṣẹ́ kù sára kókó ló sábà máa ń di jẹjẹrẹ, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní papillary ló sì pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n bá yọ kókó tán, tí wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ni àṣírí máa ń tú jù. Ìdí nìyí tí irú iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ń ṣe, tó ti ń ṣàkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1960, fi ṣe pàtàkì fún wa.

Ti gẹ̀gẹ̀ yàtọ̀. Ní 1998, àwọn olùwádìí Ojule àti Babatunde Osotimehin tẹ ìwádìí jáde lórí ipò táírọ́ìdì àwọn ìyá àti ọmọ tuntun ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kí áyódíìn máa wà nínú iyọ̀, nítorí àìtó rẹ̀ ló ń fa gẹ̀gẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè dí ọ̀nà tí kò pa rẹ́ nínú oyún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kókó wà ní àárín ọrùn rẹ̀ yọ ahọ́n síta. Bí kókó bá gòkè tẹ̀ lé ahọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbímọ́ni. Bó gòkè, bí kò gòkè, dókítà ni kó fi hàn, kí wọ́n yà á ní sikáànù, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ yẹ̀ wò. Bí a bá tètè rí jẹjẹrẹ yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń yè é. Orúkọ gẹ̀gẹ̀ kò gbọdọ̀ fa ìdádúró.