Akoto tí mo rà ní December 2008

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gun máṣìnì, tí a jà lé lórí ní ìpàdé Sọ́ńdè, ni mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ dá sí. Bàbá kan ní ẹni tó bá mọ máṣìnì gùn kò nílò akoto. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Diobu mọ̀ pé ta ló kọ́ ta ní máṣìnì? Lẹ́yìn tí SAP dé ní 1986, tí nǹkan le koko, ẹni tó bá ti rí máṣìnì yá, ọlọ́kadà dé nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ méjì ló fi kọ́ ọ, lọ́jọ́ kẹta ó ti gbé èrò.

Nígbà tó di January 2009, Road Safety ní dandan ni akoto fún ọlọ́kadà àti èrò. Ẹ rántí ẹ̀rín ìgbà yẹn, àbí? Ní Kano, àwọn ọlọ́kadà fi okùn so igbá mọ́rí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò náà ń sá fún akoto, wọ́n ní oògùn lè wà nínú rẹ̀. Èmi ti kó akoto sílẹ̀ láti December, mo rò pé owó dé. Ọdún 2009 yẹn kan náà ni Gómìnà Amaechi fòfin de ọ̀kadà nígboro Port Harcourt. Ọjà kú sí mi lọ́rùn.

Àbúrò mi kan kó máṣìnì tirẹ̀ lọ sí Eleme. Mo fún un ní akoto kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ máṣìnì ló ń fi kọ́, àfi tó bá rí Road Safety. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ni akoto mi." Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n gùn, n kò gbọ́ pé ó ṣubú rí. Lọ́jọ́ kan, onímọ́tò kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ṣàdédé ṣílẹ̀kùn láì wẹ̀yìn. Apá kò kán, ẹsẹ̀ kò kán. Orí nìkan ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn òyìnbó kan, T. E. Lawrence, àfi bíi pé àbúrò mi ni wọ́n ń sọ. Ọ̀jáfáfá ni lórí máṣìnì. Ní May 1935, ní England, ó yà fún ọmọ méjì tó gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, kò dé akoto. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, kò gbàgbé. Ó ṣèwádìí lórí àwọn sójà tó ń fi máṣìnì jíṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1941, ọdún náà ni iléeṣẹ́ ológun wọn sọ akoto di dandan.

Kí n má ṣàbòsí, bàbá náà kò parọ́ tán. Ìwádìí tí Harry Hurt ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1981, rí i pé nínú 100 tó ní jàǹbá máṣìnì, 92 ni kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ara wọn tàbí ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn, bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kan náà ló ní kò sóhun tó ń gba orí là tó akoto. Ìmọ̀ àbúrò mi kò lè ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíì ṣí.

Akoto mẹ́rin ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mile 1. Bàbá náà lè wá wò wọ́n. Fóòmù inú wọn ti ń rún, n kò ní tà wọ́n fún ọmọ ẹnikẹ́ni.