Owó Iwájú Orí: Ìtàn Òṣèré Ìgboro ní Ìbàdàn

Ní ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó bá wà ní gbọ̀ngàn Mápó, ìlù ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò. Kí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, onílù ti wò ó tán. Ó ti wo fìlà rẹ̀, ó ti wo aṣọ ẹbí tó wọ̀, ó ti wo àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Orúkọ nìkan ló kù tó ń wá. Bí ẹnìkan bá ti ṣèèṣì dárúkọ agboolé ọkùnrin náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onílù á ti ìyáàlù mọ́ ìhà, á fún ọṣán pọ̀, kọ̀ǹgọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró létí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kan, mo ń wo bàbá kan tó ń kánjú wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Bó ṣe gbọ́ orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ìlù, ẹsẹ̀ dúró. Ó yí padà, ó ká apá agbádá lé èjìká, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

Àwọn kan ń pe owó tí a ń fún onílù, tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ní agbe. Èmi ò gbà. Alágbe ń sọ ìṣòro ara rẹ̀ fún ọ kí àánú lè ṣe ọ́. Onílù kì í sọ ti ara rẹ̀ rárá. Orúkọ rẹ ló ń gbé jáde níwájú ọ̀pọ̀ èrò, orúkọ yẹn lo sì ń sanwó fún. Bí a bá fi ojú yìí wo ìtàn òṣèré ìgboro ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò yéni.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829. Ọ̀yọ́ wá, Ifẹ̀ wá, Ìjẹ̀bú wá, Ẹ̀gbá náà wá. Kò sí adé tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ bàbá níbẹ̀. Ẹni tó mọ ogun jà ló ń gòkè. Ogun ló gbé Olúyọ̀lé, Ògúnmọ́lá àti Látòóṣà dé ibi tí wọ́n dé. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, orúkọ ni ohun ìní tó tóbi jù, onílù àti onírárà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ilé àwọn olóyè ogun ni wọ́n ti ń jẹun. Bí olóyè bá gun ẹṣin gba Ọjà'ba kọjá, wọ́n á wà níwájú, wọ́n á wà lẹ́yìn, kí ẹni tó ń ta iṣu àti ẹni tó ń rà á lè mọ ẹni tó ń kọjá.

Ní ọdún 1893, ogun Kírìjì tú ká, Ìbàdàn sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn. Kò sí ìkógun mọ́. Ẹni tó ti ń gba owó lọ́wọ́ olóyè kan ṣoṣo ní láti máa gbà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn: ní ìsọmọlórúkọ, ní ìsìnkú, lójú títì. Àwọn ọmọ Àyàn, ìyẹn àwọn onílù, kò torí ìyẹn gbàgbé oríkì. Ṣe ni wọ́n tún kọ́ oríkì sí i, nítorí wọn kò mọ agboolé tí oníbàárà tó kàn yóò ti jáde.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìrìn ni iṣẹ́ wọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: eégún onídán, tí a tún ń pè ní aláàrìnjó tàbí agbégijó. Joel Adedeji fi iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 tọpa wọn dé ààfin Ọ̀yọ́ Ilé. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin pe òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton wá wo eré wọn. Ó rí àwọn tó ń jó tí wọ́n ń ta kìtì nínú àpò, ó rí òjòlá tó ń wọ́ nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni òyìnbó funfun kan jáde tó ń gbọ̀n fún òtútù, tí kò mọ ẹsẹ̀ í gbé. Irú àlejò náà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ níṣojú rẹ̀! Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn òṣèré yìí bá àwọn tó ń sá lọ sí gúúsù lọ. Bí ẹgbẹ́ wọn bá dé ìlú, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ti agboolé dé agboolé, wọ́n á júbà, wọ́n á pidán, wọ́n á sì fi ẹ̀fẹ̀ parí rẹ̀.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000, ẹrù tí alágbàrù kan yóò rù tí ọrùn rẹ̀ yóò wọ̀. Ẹyọ kò ṣeé lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ọmọ ẹgbẹ́ kan á ṣà á sínú igbá. Ìgbà tí kọ́bọ̀ onírin dé ni òógùn tó lè mú owó mọ́ iwájú orí, ó sì tún wá rọrùn sí i nígbà tí owó bébà gbòde. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìnáwó fún òṣèré ti di ìran wíwò fúnra rẹ̀: ẹni tó ń náwó náà ti ń ṣeré.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyá ìbejì. Òun kì í ṣe òṣèré níṣẹ́. Ifá tàbí àwọn ọmọ náà ló ní kó máa jó, ó sì gbé ọ̀kan pọ̀n, ó gbé èkejì dání, ó ń kọrin láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn ìyálọ́jà á fún un ní owó, ẹ̀wà tàbí epo, wọ́n á sì gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n ń fún, kì í ṣe òun.

Òru ni ti àwọn ajíwéré. Nínú ààwẹ̀ Rámádàánì, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu agogo àti sákárà kiri àdúgbò láti jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì. Bí wọ́n bá dé ẹnu ilé, orúkọ baálé ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sórin. Owó a jáde lójú fèrèsé, òmíràn a sì dúró di ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Inú orin wéré yìí ni Dauda Epo-Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn tó kú ní 2005, ti mú Awúrebe jáde. Inú rẹ̀ náà ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú Fújì jáde ní Èkó. Wọ́n di ẹni tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, síbẹ̀ orúkọ olówó kò kúrò nínú orin wọn.

Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 kó àwọn tó ń náwó jọ sórí òkè kan. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ní tiwọn, láti ìgbà tí òṣèré Hubert Ogunde dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lẹ́nu ọ̀nà kí èrò tó wọlé. Síbẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ polówó kiri ìgboro lọ́sàn-án, kí ọjà lè tà lálẹ́.

Ní òde òní, òfin ló dé bá owó iwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé títú náírà dànù lóde ijó àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 tàbí méjèèjì wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ ba àwọn èrò òde àríyá lẹ́rù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára, Bobrisky, lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ bá di òótọ́. Ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 náà ti kọ́kọ́ fojú onílù rí màbo, torí kò sẹ́ni tó ní owó bébà tí yóò nà fún un.

Nítorí náà ni ohun tí mo rí lẹ́yìn bàbá tó yí padà lórí àtẹ̀gùn Mápó kò fi yà mí lẹ́nu. Àpò tó ki ọwọ́ bọ̀ yẹn, fóònù ló yọ níbẹ̀. Ọmọ tó ń lu gúdúgúdú pe nọ́ńbà àkáǹtì fún un, bàbá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ìyáàlù kò sì dákẹ́: ó ti kọjá orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i. Fóònù onílù dún nínú àpò rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹgọ́ sókè díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún oríkì náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.