Ọ̀wẹ̀, Àáró àti Gbọ̀ngán Màpó: Ìpìlẹ̀ Tíọ́rì Àmójútó Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ìfáárà

Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni ní àmójútó iṣẹ́ ìkọ́lé sábà máa ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà ọdún 1957 àti 1958 gẹ́gẹ́ bí orísun ìmọ̀ náà. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni a ti kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé àwọn tí ó fi amọ̀ kọ́ agbo ilé Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ ti ń lo kókó ìmọ̀ náà, àti pé wọn kò fojú fo àdéhùn láàrin ènìyàn, èyí tí àwọn onítíọ́rì kò kà sí fún ìgbà pípẹ́.

Ètò Àkókò

Ní 1957, Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont àti James Kelley gbé ìlànà kan kalẹ̀: kí a wá ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí yóò gba àkókò jù, nítorí òun ni yóò sọ ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ máa parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé amọ̀ wò ó. Ìpele-ìpele ni a ń mọ ògiri. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò wó. Bí òṣìṣẹ́ ti wù kí ó pọ̀ tó, wọn kò lè mú gbígbẹ yá. Bí ògiri ti ń gbẹ, a lè máa gé igi àjà, kí a sì máa kó ewé ìbolé jọ. Bí igi bá fi ọjọ́ méjì pẹ́, ilé lè má pẹ́. Bí ògiri bá pẹ́, gbogbo iṣẹ́ pẹ́.

Àdéhùn

Ní 2002, Lauri Koskela àti Gregory Howell ṣàríwísí tíọ́rì tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ó gbà pé kí ọ̀gá ṣètò, kí ó pàṣẹ, kí ó sì wọn àbájáde ti tó. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìlérí ni ó ń so iṣẹ́ pọ̀. Èyí gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀wẹ̀ àti àáró. Onílé a bẹ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ lọ́wẹ̀, a sì bọ́ wọn. Nínú àáró, ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ lónìí jẹ gbèsè iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìlérí ni ó ń kó ọwọ́ jọ.

Gbọ̀ngán Màpó

A kò sọ pé ọ̀wẹ̀ tó fún gbogbo iṣẹ́. Gbọ̀ngán Màpó, tí ẹnjiníà Robert Taffy Jones yà àwòrán rẹ̀, tí Captain Ross sì ṣí ní 1929, kọjá ohun tí agbo ilé kan lè fi ọ̀wẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nílò àwòrán, owó ọ̀yà àti àkọsílẹ̀. Níbi tí ayàwòrán àti mọlémọlé bá ti yàtọ̀ síra, tí wọn kì í ṣe ẹbí tàbí ará àdúgbò, ìwé ni ó ń ru ẹrù tí ojúlùmọ̀ ń rù tẹ́lẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fi ìṣirò kọ́ni, kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ to àwọn iṣẹ́ ilé amọ̀ kan tẹ̀léra, kí wọ́n sì sọ èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́ àti ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní ka tíọ́rì náà sí àjèjì.